Ẹ Bá Mi Kí Baálé

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Aládìyẹ bi Aránṣọ nìyí: "Ta ló wà nílé?"

Aránṣọ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni, aṣọ oníbàárà mẹ́ta sì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń dúró dè é. "Adìyẹ ni mo wá rà," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ẹ máa kọ́kọ́ ka àwọn ará ilé wa."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ga, ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹ́ adìyẹ kan sì há sínú irun rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. "Ẹ má bínú. Adìyẹ ò lè padà wá sọ fún mi pé ibi tí mo fi òun sí ò bá òun lára mu. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ bèèrè kó tó kúrò níbí."

"Àwọn funfun tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni mo fẹ́. Wọ́n ní wọ́n máa ń yé ẹyin dáadáa."

"Wọ́n ń yé, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ara wọn ò balẹ̀. Tí ewé bá já bọ́ báyìí, wọ́n ti gun orí ògiri. Ṣé ajá wà nílé yín?"

"Ó wà."

"Ohun tó bá ń sáré lajá ń lé. Ẹ máa sọ ajá yín dọdẹ lọ́sàn-án gangan. Ta ló tún wà?"

Aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Èmi, màmá mi, ajá, àti Baálé."

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí ná, kí n sọ nǹkan kan fún yín, kẹ́ ẹ má baà sọ nígbẹ̀yìn pé mo fi pa mọ́. Ológbò ni Baálé. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, oṣù kejì tí bàbá Aránṣọ kú, ológbò dúdú kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó gun àga tí olóògbé máa ń jókòó sí, ó ká ara rẹ̀ kò, ó sì sùn. Wọ́n lé e títí, kò lọ. Ni ìyá Aránṣọ bá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ilé yìí ti tún ní baálé." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún jókòó sórí àga yẹn àfi òun. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ó ti wá mọ́ Aránṣọ lẹ́nu débi pé kò rántí mọ́ pé tí ẹlòmíràn bá gbọ́ baálé, ọkùnrin onílé ló máa wá sí i lọ́kàn.

Aládìyẹ kì í ṣe ará àdúgbò wọn.

"Nínú gbogbo wọn, ta ló máa le jù?" ó bèèrè.

"Baálé ni o. Ajá wa, ariwo lásán ni. Baálé ni kì í fẹ́ rí àlejò. Á kàn máa wò yín bí ẹni pé ẹ jí nǹkan ẹ̀."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ fẹ́ ra adìyẹ?"

'Wọ́n' yìí dùn mọ́ Aránṣọ nínú. Ológbò tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ lé kúrò nídìí ìkòkò, ọkùnrin yìí ń bọ̀wọ̀ fún un! Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. "Ta ló bi í? Kí ló ń ṣe nínú ilé? Oorun ló ń sùn. Bó bá jí, oúnjẹ ló kàn."

Aládìyẹ ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa ní sùúrù fún wọn," ó ní, jẹ́jẹ́. "Èèyàn ò mọ ohun tó ń bá wọn fínra."

Ẹ má bú ọ̀kankan nínú wọn. Èdè wa ni kẹ́ ẹ bá wí. 'Ó' kan náà la fi ń pe ọkọ, òun náà la fi ń pe ológbò, òun náà la fi ń pe àga tí ológbò sùn lé.

"Ìyá mi ni mo fẹ́ rà á fún," Aránṣọ sọ. Kò mọ ìdí tó fi ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. "Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í ṣí aṣọ fèrèsé yàrá wọn mọ́. Ó tó ọdún kan tí wọn ò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣàdédé sọ pé ó wu àwọn kí àwọn máa gbọ́ ohùn adìyẹ láàárọ̀. Bí ajá bá wá pa àwọn adìyẹ náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n á kàn tún padà sínú òkùnkùn yẹn ni. Mi ò ní mọ ohun tí mo máa ṣe mọ́."

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ó mú un lọ sí ọgbà tó wà lẹ́yìn.

Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ìyẹ́ wọn dà bí òwú, wọ́n kéré, wọ́n sì wu Aránṣọ. Aládìyẹ mi orí. "Ọmọlúàbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n irun ti bò wọ́n lójú. Wọn kì í tètè rí ohun tó ń bọ̀. Ilé tí ajá wà, ẹni tó ń ríran dáadáa ló yẹ ibẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé aláwọ̀ ilẹ̀ kan, abara-ńlá tí ìyẹ́ bò dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó sì gbé e lé Aránṣọ lọ́wọ́. Adìyẹ náà wúwo bí ọmọ ọwọ́. Ó wo Aránṣọ lójú, ó wo igun ọgbà, ó sì di ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ó ń sùn!" Aránṣọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Irú tiwọn nìyẹn. Bí ajá bá gbó mọ́ ọn, á kàn dúró máa wò ó. Ajá á rí i pé kò sí eré níbẹ̀. Mẹ́ta ni kẹ́ ẹ mú, kí wọ́n má baà dá wà. Màá wá kan ilé wọn fún yín, màá sì máa yà wò wọ́n títí wọ́n á fi mọ ara wọn. Wọn ò ní kú."

Aránṣọ gbà á gbọ́. Inú rẹ̀ balẹ̀ lọ́nà tí kò tíì balẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Aládìyẹ gun kẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú igi, wáyà àti àwọn adìyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú apẹ̀rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu géètì ẹ̀yìnkùlé, kò tíì gbé ẹsẹ̀ wọlé. "Ṣé Baálé wà nílé?"

"Ó ti jáde. Ó máa ń jáde láàárọ̀, a kì í mọ ibi tó ń gbà lọ."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ara aláìsàn ò tíì yá. Ó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n nígbà tí Aránṣọ ní kó wọlé wá mu omi, ó ní ibi tí òun wà yìí ti tó òun. Ìdúró ló fi mu ún.

Pẹ̀lẹ́ ni orúkọ ajá wọn. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí wọ́n ń retí pé yóò di ẹni pẹ̀lẹ́, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń retí. Aládìyẹ ní kí wọ́n máa so ó mọ́ okùn, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà lójoojúmọ́, kí òun àti àwọn adìyẹ máa wo ara wọn. "Ọjọ́ tó bá yán níwájú wọn, ọjọ́ yẹn lẹ lè ṣílẹ̀kùn," ó ní.

Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó yí kẹ̀kẹ́ padà. "Ẹ bá mi kí Baálé o."

Aránṣọ wọlé, ó bá ológbò lórí ibùsùn ìyá rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ fún un bí wọ́n ṣe rán an. "Aládìyẹ ní kí n kí ọ." Ó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó rántí kí ológbò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá ni Pẹ̀lẹ́ yán. Aládìyẹ wà níbẹ̀. Ajá náà wo àwọn adìyẹ, ó jókòó, ó la ẹnu gbàràgàdà, ó sì dùbúlẹ̀. Aránṣọ pariwo ayọ̀, ó di apá Aládìyẹ mú, ó sì tètè fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, adìyẹ tó tóbi jù rìn kọjá níwájú ajá bí ẹni tó ń lọ yẹ aláìsàn wò. Láti inú ilé ni ohùn kan ti jáde: "Ẹ wò ó! Mátírọ́ọ̀nù gidi nìyẹn!"

Ìyá Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti ṣí aṣọ fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ọ̀pá rìn jáde láràárọ̀, tó ń da oúnjẹ fún Mátírọ́ọ̀nù àti nọ́ọ̀sì rẹ̀ méjèèjì, tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Aránṣọ máa ń gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ. Ó ti mọ ìró kẹ̀kẹ́ Aládìyẹ náà yàtọ̀ sí ti gbogbo kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà. Ní gbogbo Sátidé, kó tó gbọ́ ìró yẹn, kì í lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ní Sátidé kan, Aládìyẹ mú ẹja gbígbẹ kan wá tó tóbi tó àtẹ́lẹsẹ̀. "Ẹ fún Baálé. Ẹ ní mo kí wọn."

Ẹja odidi, fún ológbò! Ọkàn Aránṣọ yọ́ bí òrí tí oòrùn pa.

Nígbà tí Aládìyẹ tún dé, ó bèèrè, "Ṣé wọ́n gbádùn ẹja náà?"

"Ó jẹ ẹ́ teegunteegun. Ó lá àwo. Ó wá gun orí ẹsẹ̀ mi, ibẹ̀ ló sùn sí."

Aládìyẹ yíjú sí wáyà, ó ń yẹ ibi tí kò bàjẹ́ wò. "Ṣé ara wọn le?"

"Kí ló fẹ́ ṣe é? Sísanra ló sanra jù. Ẹ ò rí i lánàá, ó jáde síbí, Mátírọ́ọ̀nù kàn na ọrùn sí i báyìí, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ."

"Wọ́n sá fún adìyẹ?"

"Eré burúkú!"

Aládìyẹ fa wáyà náà le. "Adìyẹ yẹn tóbi lóòótọ́," ó ní nígbẹ̀yìn, bí ẹni tó ń bo ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ láṣìírí.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pe ọmọ rẹ̀. "Ọkùnrin yẹn dáa. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohun ẹlẹ́mìí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kì í wọlé? Oṣù kẹta rèé, kò tíì jókòó sórí àga wa rí. Ìyàwó wà nílé ẹ̀, kó má baà pẹ́ ló ṣe ń dúró."

"Màmá, kò níyàwó."

"Ṣé o bi í ni?"

Aránṣọ ò bi í. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ, kò tíì dá ìpinnu kan ṣe tí ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ sí, kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èyí. Ó pinnu pé òun máa bi í lọ́jọ́ Sátidé.

Sátidé náà, Mátírọ́ọ̀nù kọ̀, kò dìde. Ó ti ń sàba. Aládìyẹ kúnlẹ̀ sẹ́nu ilé adìyẹ, Aránṣọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì na ọwọ́ sábẹ́ adìyẹ náà lẹ́ẹ̀kan náà láti mú ẹyin, ọwọ́ wọn sì pàdé nínú ooru yẹn. Kò sẹ́ni tó yára fa ọwọ́ yọ. Adìyẹ náà wò wọ́n, ó sì padà di ojú rẹ̀.

Aládìyẹ ló kọ́kọ́ dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Kò sí àkùkọ níbí," ó ní. "Kò sóhun tó máa pa nínú ẹyin yẹn. Ẹ máa rọra gbé e kúrò lórí ẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Èmi náà ti jókòó ti ohun tí kì í ṣe tèmi pẹ́ jù. Mi ò ní máa wá mọ́. Tí oúnjẹ wọn bá tán, ẹ wá, màá ti gbé e síta géètì dè yín."

Aránṣọ náà dìde. "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Nítorí Baálé ni."

"Baálé? Kí ni Baálé fi ṣe yín?"

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kò dáa sí wọn." Ó ti gun kẹ̀kẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní kí wọ́n bá òun kí ẹnikẹ́ni.

Inú bí Aránṣọ, ó sì dùn ún dé egungun. Èèyàn á jókòó, á wá àwáwí, ológbò ló máa fi ṣe é? Ó wọlé, ó bú sẹ́kún níwájú ìyá rẹ̀ bí ọmọ kékeré.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ò sọ pé òun ti wí. Ó ní kó jókòó, ó fún un lómi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń bi ẹni tí wọ́n gbé dé ọsibítù. "Sọ ọ́ fún mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Má yọ nǹkan kan kúrò."

"Ó ní ohun tó wà lọ́kàn òun ò dáa sí wọn."

"Ta ni wọn?"

"Baálé."

"Ó ń pe Baálé ní wọn?"

"Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n bá òun kí wọn, ṣé ara wọn le, ṣé wọ́n gbádùn ẹja."

Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè. "Ṣé ó ti fojú kan ológbò yìí rí?"

Aránṣọ ronú. Láàárọ̀, Baálé ti máa ń jáde. Tó bá padà dé, ojú fèrèsé iwájú ló ń gbà, orí ibùsùn Màmá ló ń balẹ̀ sí. "Rárá."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti fẹnu ara ẹ sọ fún un rí pé ológbò ni?"

Aránṣọ rọra gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Yéè! Mo ní ó sùn lé mi lẹ́sẹ̀."

"Ó parí."

"Mo ní kò níṣẹ́, oorun ló ń sùn. Mo ní ó sanra jù. Màmá, mo ní ó sá fún adìyẹ!"

Ẹ̀rín ti gbé Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ó kọ́kọ́ dúró sí i láyà, ó wá bú jáde, ó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún márùn-ún rèé tí ilé náà ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. "Ọmọ mi," ó ní nígbà tó rí èémí mí, "ọkọ tí o ò tíì fẹ́ lo ti bà lórúkọ jẹ́ yìí!" Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi náà jẹ̀bi. Èmi tí mo ní ó níyàwó, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún wa. Gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn wá. Lọ́la la máa lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Aládìyẹ ń fọ ìkòkò omi àwọn adìyẹ rẹ̀ nígbà tó rí wọn. Ó nàró. "Ẹ káàárọ̀ mà. Kò sí láburú o? Àwọn adìyẹ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà," Ìyá Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Baálé ló ní òun fẹ́ wá kí yín."

Aládìyẹ wo ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wọn. "Wọ́n ń bọ̀ níbí?"

"Wọ́n ti dé." Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ orí apẹ̀rẹ̀.

Baálé yọ orí. Ó wo Aládìyẹ bí ẹni pé ó jí nǹkan rẹ̀.

Aládìyẹ wo ológbò, ó wo ọ̀nà, ó tún wo ológbò. "Òun ló jẹ ẹja?"

"Òun ni," Aránṣọ sọ, kò lè gbójú sókè.

"Òun ló lá àwo."

"Òun náà ni."

Ọkùnrin náà jókòó sórí ìkòkò tó dojú dé. "Mo ti ń gbàdúrà fún ìlera wọn," ó ní.

Nígbà tí ẹ̀rín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọlẹ̀, ó wo Aránṣọ, ojú rẹ̀ sì ti rọ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pè é ní 'o' rí. Aládìyẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, ẹ..."

"Má pè mí ní 'ẹ' mọ́," Aránṣọ sọ. "Èyí tí mo ń retí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn."

"Olólùfẹ́ mi," ọkùnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ ò dún tán, "láti ọjọ́ tí ajá yẹn ti yán ni mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ojú ń tì mí ni."

"Ẹ dúró ná," Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀pá sókè. "Èmi náà ní ìbéèrè. Ta ló wà nílé?"

"Mà?"

"Nílé tiyín. Ẹ kì í gbé adìyẹ fún ẹni tí ẹ ò bi léèrè. Ọmọ ni tèmi."

Aládìyẹ dìde dúró dáadáa. "Kò sẹ́nì kankan mà. Èmi nìkan ni, àti àwọn adìyẹ."

"Ó dáa," Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ. "Ní Sátidé, ẹnu ọ̀nà iwájú ni kẹ́ ẹ gbà."

Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà. Ó gé irun rẹ̀, kò sí ìyẹ́ níbẹ̀, ó sì fi fìlà rẹ̀ gbé ẹyin mẹ́ta wá. "Àwọn wọ̀nyí máa pa," ó sọ fún Aránṣọ. Wọ́n jọ lọ kó ẹyin náà sábẹ́ Mátírọ́ọ̀nù, ọwọ́ wọn tún pàdé níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dìde.

Nígbà tí wọ́n wọ pálọ̀, aṣọ àwọn oníbàárà ti gba gbogbo àga. Ẹyọ kan ló ṣófo sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣófo, nítorí Baálé ló sùn síbẹ̀. Aránṣọ fẹ́ sáré kó aṣọ kúrò lórí òmíràn. Ìyá rẹ̀ dá a dúró.

Ìyá Nọ́ọ̀sì rìn lọ sídìí àga náà. Ó gbé ológbò náà sọ́wọ́ òsì, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbọn irun kúrò lórí tìmùtìmù, ó gbọ̀n ọ́n pẹ́. Ó wá yíjú sí wọn.

"Baálé, ẹ jókòó," ó ní.

Aránṣọ di ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mú. Ọdún márùn-ún ni ológbò yẹn ti wà nínú ilé náà, kò sì sẹ́ni tó sọ 'ẹ' fún un rí.